Bí Pẹpẹ Ohùn Ṣe Dé Ìlú Àpótí

Asẹ́ lé àwọn ohùn tín-ín-rín kúrò lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà láéláé ni, nígbà tí ọ̀nà kan ṣoṣo la Ìlú Àpótí já. Inú kọ̀ǹpútà ni ìlú náà wà. Àpótí kéékèèké ni àwọn ará ibẹ̀, wáyà sì ni ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ohùn ayé máa ń gba ibodè wọlé, wọ́n á rìn la ìlú já, wọ́n á sì jáde sí etí àwọn ènìyàn.

Àwọn ohùn nípọn wà níbẹ̀: ti ààrá, ti odò ńlá, ti àyà ẹni tó ń kọrin. Àwọn ohùn tín-ín-rín náà wà: ti ẹ̀fọn, ti òjò wínníwínní, ti ahọ́n tó bá ń pe "sùúrù".

Ó máa ń rẹ àwọn ohùn nípọn kí wọ́n tó dé ìparí ọ̀nà, etí kì í sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ wọn. Wọ́n lọ bẹ Asẹ́, àpótí tó mọ bí a ṣe ń ya ohùn sọ́tọ̀, pé kó ran àwọn lọ́wọ́. Asẹ́ kò ronú púpọ̀. Ó dúró sáàárín ọ̀nà. Ó jẹ́ kí ohùn nípọn kọjá, ó sì ti ohùn tín-ín-rín sẹ́yìn.

Wínní, tó jẹ́ àgbà àwọn ohùn tín-ín-rín, béèrè ohun tí wọ́n ṣe.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan," ni Asẹ́ wí. "Ẹ kàn ń pariwo jù ni. Bí ẹ ò bá sí ńbẹ̀, wọ́n á gbọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín."

Àwọn ohùn nípọn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n ń bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ìyá rẹ̀ tó wà ní ìlú òkèèrè ti gba orin sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí i. "Hùn-ún, hùn-ún" nìkan ni ọmọ náà ń gbọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìrọ̀rí bo ẹnu kọrin. Ó ní ìyá òun kọ́ nìyẹn. Ó ní bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, òun á pa orin náà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Wínní ju lílé tí wọ́n lé e lọ. Ó gbéra, ó lọ bá Ìyá Ìròpọ̀, àpótí àgbà tó máa ń gba ohun méjì, tí á sì sọ wọ́n di ọ̀kan.

"Kí lo fẹ́ ká fi Asẹ́ ṣe?" ni Ìyá Ìròpọ̀ bi í. "Ṣé ká já wáyà rẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká la ọ̀nà kejì. Kí gbogbo wa fi ara gba ọ̀nà àkọ́kọ́ bí a ṣe wá, kí ẹnikẹ́ni má dí i mọ́. Kí òjìji wa gba ọ̀nà kejì. Ibẹ̀ ni kí Asẹ́ lọ dúró sí."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, òjìji àwọn ohùn nípọn kọjá lára Asẹ́, ti àwọn ohùn tín-ín-rín dúró sẹ́yìn, àwọn tó wà láàárín sì kọjá díẹ̀díẹ̀, kálukú bí ó ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn Asẹ́ ni wọ́n kan Ìsọdipúpọ̀, tó ní kókó kan lórí tí a máa ń yí: bí a bá yí i sọ́tùn-ún, òjìji á kún ohùn rẹ̀; bí a bá yí i sósì, á máa yọ kúrò lára rẹ̀. Àgbàlá Ìyá Ìròpọ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè bá òjìji rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

Wọ́n ní kí Wínní yí kókó náà.

Ìsọdipúpọ̀ bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Yí i sọ́wọ́ òsì dé ìparí, òjìji àwọn tó nípọn á jẹ wọ́n run. O ò ní gbọ́ ohùn nípọn mọ́ láé."

Àwọn ohùn nípọn ń wo Wínní. Asẹ́ kò lè gbójú sókè.

Wínní yí i sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ilẹ̀ mì. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ga, ó ga, lẹ́yìn náà ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pẹpẹ. Pẹpẹ ohùn ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo ohùn nípọn wà lórí rẹ̀, wọ́n ga dọ́gba, kò sí ẹni tó yọ orí ju ẹnì kejì lọ. Àwọn ohùn tín-ín-rín wà ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọn kò fi bíńtín kéré sí i. Ará ìlú kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń wòkè, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀.

Ní ìta, Mopélọ́lá tún fi orin náà sí i lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ àyà ìyá rẹ̀, ó gbọ́ èémí rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà. Ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà jẹ́jẹ́.

"Màámi," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni pẹpẹ ohùn ti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti orí títẹ́jú, tí kókó rẹ̀ sì máa ń wà láàárín gbùngbùn, níbi tí kò ti gbé ẹnikẹ́ni ga, tí kò sì rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí ọwọ́ ènìyàn á fi yí i.

Asẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Wínní. Wínní ní kó dìde, kó wá bá òun di wáyà mú. Ó ku pẹpẹ kan tí àwọn méjèèjì máa jọ kọ́, ti àwọn ohùn tín-ín-rín, de ọjọ́ tí ó bá rẹ àwọn náà.