Ọbẹ̀ Tí Àwẹ̀ró Sè fún Ọ̀wẹ̀ Ọ̀nà Àfonífojì

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi ò ya ilé Ìjàpá lónìí o. Ẹni tó bá ń retí ẹ̀rín, kó tètè lọ sùn. Àlọ́ náà gba inú àfonífojì lọ, ó lọ bá Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́gbèmí.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko ṣì jọ ń gbọ́ èdè ara wọn, àwọn ará Òkè-Àpáta ò rí ọ̀nà gidi gbà dé odò. Àfonífojì ló wà láàárín, igbó ni, ẹrẹ̀ ni. Àwẹ̀ró bá wọ ibẹ̀ lọ bá Etu.

"Etu, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo mọ ibi tí ilẹ̀ ti le. Jọ̀ọ́, fi hàn wá ká lè la ọ̀nà."

Etu ní, "N ó fi hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ pàkúté sójú ọ̀nà náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí."

Àwẹ̀ró fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè. "Sọ fún ọmọ rẹ pé ojú ọ̀nà wa ò léwu. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ni wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀. Èèyàn ń ṣán igbó, Òkété ń wú òkúta, Àparò ń tú ilẹ̀, Etu ń lọ níwájú. Nígbà tí ọ̀nà parí, ẹ̀yin ọmọ, ó dùn ún wò! Yúnyun tanná rúsúrúsú, imí eṣú ń bẹ lọ́tùn-ún, patanmọ́ ń bẹ lósì. Bí o bá fẹsẹ̀ kàn án, á pa ewé dé. Labalábá ò lóǹkà.

"Ìyá àgbà, ṣé Etu náà ń gba ibẹ̀?"

Òun àti ọmọ rẹ̀, lójoojúmọ́. Jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ọdọọdún ni èèyàn àti ẹranko ń pé jọ tún ọ̀nà náà ṣe. Ẹni tó bá kàn ni yóò sì se oúnjẹ ọ̀wẹ̀. Lọ́dún kan, ó kan Àwẹ̀ró. Kò sí ẹran nílé.

"Ọdẹ́gbèmí, ṣé ọbẹ̀ òfìfo ni n ó gbé fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín títí n ó fi kú!"

"Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wọgbó. Mi ò rí nǹkan kan pa."

"Ṣé ìwọ náà ń pe ara rẹ lọ́dẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà ta ọkọ rẹ̀ lára. Láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀, ó gbé ẹran kékeré kan tó fi ewé wé síwájú ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró tú u, ó rí pátákò kékeré.

"Níbo lo ti rí i?"

"Pàkúté tí mo dẹ sójú ọ̀nà ló mú un. Ẹran lo ní kí n wá, àbí ìtàn?"

Àwẹ̀ró wo ìkòkò, ó wo ìta. Àwọn ọlọ́wẹ̀ ti ń bọ̀, wọ́n ń kí i láti òkèèrè. Ó da ẹran sómi.

"Háà! Ó sè é?"

Ó sè é. Ó tún fi iyọ̀ sí i.

Àsìkò oúnjẹ ni Etu dé, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ẹ máa gbè é:

*Àwẹ̀ró, o rọ́mọ mi bí?*
*Tẹrẹlẹ!*
*Ó ṣáájú mi wá sọ́wẹ̀ o,*
*Tẹrẹlẹ!*
*Mo ní ojú ọ̀nà ò léwu o,*
*Tẹrẹlẹ!*
*Ìwọ lo sọ fún mi o,*
*Tẹrẹlẹ!*

Àwẹ̀ró ní, "Mi ò rí i." Ó ń ro ọbẹ̀, kò gbójú sókè.

Etu sún mọ́ ìkòkò. Ìyá ò ní ṣàìmọ òórùn ọmọ rẹ̀. Ó wo àwọn tó ń jẹun, tí wọ́n ń yin Àwẹ̀ró pé ọbẹ̀ dùn.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, èmi ni mo kọ́ ọmọ mi pé kó má sá."

Ó yí padà, ó lọ. Òkété tẹ̀ lé e, Àparò tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà ni ẹran ti ń sá bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèyàn. Òdòdó ò yéé tanná lójú ọ̀nà yẹn o. Ṣùgbọ́n bí Àwẹ̀ró bá ń kọjá, gbogbo igbó á pa lọ́lọ́.

"Ṣé Etu padà dárí jì í?"

Kí ló fẹ́ fi dárí jì í? Bó bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ńkọ́?

Ẹ gbọ́ o: ẹ má torí ojú ayé da ẹni tó fọkàn tán yín. Ẹ̀sín ọbẹ̀ tí ò lẹ́ran ò ní ju ọjọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ.

Ibi tí àlọ́ mi já sí nìyẹn. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ẹnu mi má lè pe ọmọ mi wálé lọ́la. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní.