Agbè Àwẹ̀ró

"Ó parí, Àwẹ̀ró! Tún ẹ̀kọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko!" Ẹfúnyẹmí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nídìí aró, tó ń na ìka sí ọmọbìnrin tó ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà. Ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ẹ má wojú ara yín, ẹ jókòó.

Láyé ọjọ́un, ọdún mẹ́ta ni obìnrin fi ń kọ́ṣẹ́ aró. Lọ́jọ́ tó bá wọlé, wọ́n á gbé agbè kan lé e lọ́wọ́. Òun ni yóò fi máa gbé omi eérú tó ń kán tó, tó, tó láti inú àjẹrẹ́, ìkòkò oníhò nídìí, lọ sínú aró. Èlú tí kò rí omi eérú, ewé lásán ni. Òfin kan sì wà: ẹni tí agbè rẹ̀ bá fọ́ kó tó pa aṣọ àkọ́kọ́ láró yóò tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí ti fọ́ tirẹ̀ rí. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé, kò tíì gba ìyọ̀ǹda, Àwẹ̀ró tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì fẹ́ gbà á ṣáájú rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń dùn ún?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Àwẹ̀ró fẹ́ pa aṣọ àkọ́kọ́, igi ìdáná kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Omi eérú ọjọ́ mẹ́ta dànù, ilẹ̀ mu ún. Ìyá Aró, olórí àwọn aláró, jáde. Àwọn yòókù ti ń kẹ́dùn bí ẹni pé wọ́n gbé òkú sílẹ̀.

Àwẹ̀ró dìde. Ẹrẹ̀ lójú, ẹrẹ̀ nímú. Ó gbé agbè sókè, ó fi ìka kàn án: kó, kó, kó.

"Ìyá, kí ni òfin wí?"

"Òfin ní bí agbè bá fọ́."

"Omi ló dànù, Ìyá. Agbè kò fọ́."

Ẹfúnyẹmí ní ọ̀kan náà ni. Ìyá Aró ní ẹni tó ti fọ́ agbè rí ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ìyàwó tó ni aṣọ náà ń lọ ilé ọkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Bí aṣọ kò bá jáde kó tó dìgbà náà, òun á ka agbè sí fífọ́.

Àwẹ̀ró ń ti agboolé dé agboolé, ó ń kó eérú nídìí ààrò. Wọ́n ń pè é ní ìyàwó eérú. Ó tún da omi sínú àjẹrẹ́, ó jókòó tì í. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó yọ aṣọ jáde nínú aró, ó dúdú minimini. Ìyá Aró gbé e wò lójú oòrùn lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò nídìí aró wọ ìgboro. Ẹni tí òwò rẹ̀ wó, obìnrin tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò: àwọn ni àgbà ń pa òwe náà fún, pé ohun tó lọ ṣeé bù padà níwọ̀n ìgbà tí ìwọ tó ń gbé e ṣì wà lódindi. Ní ti Ẹfúnyẹmí, ó ṣì ń kùn lọ́jọ́ kẹjọ náà nígbà tí Ìyá Aró fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́ wá, tó nawọ́ sí àpótí tí Ẹfúnyẹmí jókòó lé.

Ó ní, "Dìde, ọ̀gá fẹ́ jókòó."