Ohun Tó Bó Ọ̀pọ̀lọ́ Lẹ́yìn

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀. Kò bà sáàfin, kò bà sọ́jà, etí odò ló bà sí. Ó bà lé Ọ̀pọ̀lọ́ abiyamọ lórí. Ó bà lé Kújẹ́nyọ̀ alépo lórí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ fún yín pé inú Kújẹ́nyọ̀ yìí ń bí mi. Bí mo bá ń pariwo, ẹ má bínú.

Láyé ọjọ́un, ara Ọ̀pọ̀lọ́ ń dán, ó ń jọ̀lọ̀. Inú odò ló ń gbé. Ẹja ń bẹ níbẹ̀, akàn ń bẹ níbẹ̀, ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ kún ibẹ̀. Tanwíji tí ì bá di ẹ̀fọn, àwọn ọmọ yìí àti ẹja ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ará abúlé ń sùn wọra.

Kújẹ́nyọ̀ dé. Ó kọ́ ilé iṣẹ́ epo pupa sétí odò. Ogún òṣìṣẹ́ ló ní. Wọ́n ń se ẹyìn, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fún epo. Èmi ò bá epo jà, mo ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n omi dúdú tó kù nídìí ìkòkò, tó gbóná, tó ń rùn, inú odò ni wọ́n ń dà á sí.

Ọ̀pọ̀lọ́ jáde. "Bàbá alépo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, kẹ́ ẹ máa da omi yín síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń kú."

"Ó ti yé mi," ni Kújẹ́nyọ̀ wí. "Tó bá dọ̀la."

Ọ̀la dé. Ó dà á sódò.

Ọ̀pọ̀lọ́ tún padà wá. Ó fi orin bẹ̀ ẹ́:

Kújẹ́nyọ̀, da omi rẹ síbòmíràn,
Odò yẹ̀!
Ọmọ ń bẹ nínú omi,
Odò yẹ̀!

"Ìyá ọlọ́mọ, ṣé mo ní n ò ní gbẹ́ ẹ ni? Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ó tún dà á sódò.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀pọ̀lọ́ gba ilé Baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Kújẹ́nyọ̀: "Lọ́túnla, mò ń bọ̀ wá wo kòtò rẹ. Bí n ò bá rí i, pa iná rẹ."

Ẹ wá wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Kújẹ́nyọ̀ gbẹ́ kòtò. Ó jìn, ó gbòòrò, ó gbin òdòdó yí i ká. Ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà omi láti ìdí kòtò náà títí dé odò, ó fi màrìwò bò ó.

Baálẹ̀ dé. Ó wo kòtò, ó wo òdòdó. Kò ká màrìwò wò. "O káre!" ló wí. Ó fi ewé akòko sí i lórí, ó fi í joyè Olùtọ́jú Odò.

Olùtọ́jú Odò! Ẹni tó ń se ọmọ ọlọ́mọ láàyè! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́.

Bí Baálẹ̀ ṣe ń lọ, Kújẹ́nyọ̀ da ìkòkò mẹ́ta sí kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́ ìró omi lábẹ́ màrìwò. Ó sáré, ó fi ẹ̀yìn dí ẹnu ọ̀nà omi náà. Omi gbígbóná dé. Ó bó o. Kò kúrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ lé kókó, kókó. Omi gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọmọ kan ṣoṣo ò kù. Ẹja kan ò kù.

Kí ló wá kù? Tanwíji ni. Ta ni yóò jẹ ẹ́? Tanwíji di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ya wọ abúlé. Ibà dá ogún òṣìṣẹ́ dùbúlẹ̀. Iná kú nídìí ìkòkò. Ibà mú Móradékẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Kújẹ́nyọ̀ bí.

Ó sáré détí odò, tòun tewé akòko lórí. "Ìyá ọlọ́mọ, dákun, bá mi jẹ ẹ̀fọn yìí. Ọmọ mi ń kú!"

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà wí," ni Ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wí i."

Kújẹ́nyọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Ọ̀pọ̀lọ́ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní:

"Ọmọ rẹ ò ṣẹ̀ mí. N kò lè gbé odò tí o sè mọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ ni n ó máa gbé. Èyí tí ẹnu mi bá ká nínú ẹ̀fọn, n ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni wàá máa wò."

Móradékẹ́ yè é. Ẹ̀fọn ò tán.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ fi rí kókó dòní, tó fi fi odò sílẹ̀ tó ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń lọ sétí omi lọ pe àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ ṣílẹ̀kùn yín. Ẹ ó bá a níbẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí yín. Ẹ má fẹsẹ̀ ta á.