Ẹgbẹ́ Abánironú Tó Sọ Ilé Ẹ̀kọ́ Di Ìsọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó kọlu Ìjàpá lọ́nà, ó wá lọ jókòó ti Ẹtu abiyamọ.

Ní ìgbà kan rí, ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ẹranko ti ń kẹ́kọ̀ọ́, lábẹ́ igi àràbà, lọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀yà. Àwọn òbí a máa bá a roko lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òun náà a máa kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń gbọ́ òórùn ọdẹ àti bí a ṣe ń dá okùn ọdẹ mọ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá rí ewu, kó pariwo kí èkejì rẹ̀ gbọ́.

Ìjàpá wo oko tí wọ́n ń bá olùkọ́ ro, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Abánironú. Ta ló ní kí wọ́n bá òun ronú? Ẹ bá mi bi wọ́n! Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ sí ààfin Kìnnìún.

"Kábíyèsí, a ti ṣe ìwádìí," Ìjàpá wí. "Ẹ sọ ẹ̀kọ́ di ọjà. Kí oníkálukú pàtẹ ìmọ̀ tirẹ̀, kí òbí rà á níbi tó bá wù ú. Ìfagagbága á sọ gbogbo olùkọ́ di ọlọ́gbọ́n."

Ẹtu wà níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àwẹ̀ró, ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀yà ló ń lọ. "Ìjàpá, ọmọ tìrẹ dà nílé ẹ̀kọ́ yìí?"

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni."

"Ikùn rẹ ló jinlẹ̀!"

Kìnnìún gbà fún wọn. Wọ́n kọ́ ìsọ̀ yí àràbà ká. Ẹ̀kọ́ òórùn ọdẹ wà ní ìsọ̀ kan, eré sísá ní òmíràn, okùn ọdẹ ní òmíràn. Iṣu ni wọ́n fi ń rà á, Ìjàpá sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣòfin tuntun: ẹ̀kọ́ tí a rà, a kì í fi tọrẹ. Iṣu Ẹtu kò lè rà ju eré sísá lọ.

Àwẹ̀ró mọ eré sá lóòótọ́. Ó sáré wọnú okùn ọdẹ. Ọmọ Ìgalà ti rí okùn náà kí Àwẹ̀ró tó débẹ̀, ó panu mọ́. Nígbà tí Ẹtu fi máa fi eyín gé okùn tán, ẹsẹ̀ ọmọ ti rọ.

"Kí ló dé tí o ò pariwo?" Ẹtu bi ọmọ Ìgalà.

"Ìyá, bàbá mi ló rà á," ni ọmọ Ìgalà wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi tọrẹ."

 Ẹtu gbéra, ó forí lé ilé Ìjàpá. Àṣé ọdẹ ti gbé Ìjàpá sápò! Ọdẹ gbé àpò náà kalẹ̀ lẹ́bàá odò lójú ọ̀nà Ẹtu, ó lọ bu omi mu.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ gbà mí!" Ìjàpá ké nínú àpò.

Ẹtu fẹ́ kọjá lọ. Ọlọ́run mọ̀ pé ó yẹ kó kọjá lọ! Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ síbi àpò náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ṣe bí òkú. Láàyè ni ọdẹ yìí ń fẹ́ ọ. Bó bá rò pé o ti kú, á dà ọ́ nù."

"Èló ni?"

"Èló kẹ̀? Ọ̀fẹ́ ni! Dákẹ́!"

"Ọ̀fẹ́? Ọjà ọ̀fẹ́ kì í dáa. Ẹ gba iṣu méjì."

"Ìjàpá, mo ní o dákẹ́, ọdẹ ń bọ̀!"

"Mẹ́ta ńkọ́?"

Ọdẹ gbọ́ àpò tó ń nájà. Ó rẹ́rìn-ín, ó so ẹnu àpò pinpin, ó gbé e kọ́ èjìká. Ẹtu ń gbọ́ ohùn Ìjàpá títí ó fi jìnnà: "Mẹ́rin! Ó parí, mẹ́rin!"

Lọ́jọ́ kejì, Ẹtu fi orí ara rẹ̀ wó àwọn ìsọ̀ náà lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Kìnnìún gan-an kò lè gbójú sókè wò ó. Àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀yà lábẹ́ àràbà.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń mirí bí ẹni pé kò kàn yín: ẹni tí kò lọ́mọ níbẹ̀, tó wá ń bá yín ronú lórí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ jẹ. Kí ẹ sì tètè bi í o. Ẹtu wó gbogbo ìsọ̀ tán, Àwẹ̀ró ṣì ń tiro lọ sílé ẹ̀kọ́.