Páànù Tó Ń Dán

Lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó sì pa ọmọ méjì, ìjọba kó páànù tuntun fún Olóyè Agbájé pé kó fi tún un ṣe. Olóyè kó páànù tó nípọn náà sí ilé tó ń kọ́, ó fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán yinrin rọ́pò rẹ̀, ó sì sọ fún Àlàmú káfíńtà pé: "Kàn án. Bí ìjì bá tún ṣí i, ìwọ ni wàá ṣẹ̀wọ̀n. Bí o bá kọ̀, kẹ́rù rẹ kúrò nílùú." Àlàmú tẹ etí páànù kan, ó ká bí ewé ẹ̀kọ. Nígbà tí àwọn òbí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé jọ wá wo iṣẹ́ náà, Àlàmú dọ̀bálẹ̀ fún Olóyè lójú wọn. "Ẹ má bínú, Baba. Ṣé bí tilé yín ṣe nípọn lèyí náà ṣe nípọn?" "Bákan náà ni! Ta ló bi ọ́?" "Ẹ ṣeun, Baba. Èyí ló dán jù, olóyè ló yẹ, kò yẹ ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ wọn." Àwọn òbí hó yèè: "Ó yẹ wọ́n!" Bí Olóyè bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn, ló bá gbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àlàmú ti kan ti ọmọ fún ọmọ, ó kan ti olóyè fún olóyè. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, Olóyè Agbájé a sá jáde nínú ilé ńlá rẹ̀, a wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́.