Ẹ Jẹ́ Kẹ́rù Kanlẹ̀

"A kì í gbẹ́rù léjìká ká dọ̀bálẹ̀, ẹni tó fẹ́ ká kí òun, kó jẹ́ kẹ́rù kanlẹ̀." Kò sí ẹni tí kì í pa òwe yìí ní Ẹ̀bútè-Àgbọn, títí kan àwọn tí kò gbé ohun tó wúwo ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ rí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ẹ̀yin tó ń mi orí yẹn, ẹ mi í dáadáa, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọba ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe ọlọ́gbọ́n kankan. Ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí ẹnu agbọ̀n ẹja ni. Ẹnu tèmi náà kò kéré, ẹ kúkú mọ̀, nítorí náà n kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀.

Ẹ̀fúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ẹja ló ń yan. Ìdí rẹ̀ tóbi, ẹ̀rín rẹ̀ sì tóbi ju ìdí lọ. Bó bá bú sẹ́rìn-ín létí ọ̀sà, àwọn ẹyẹ á fò kúrò lórí àwọ̀n tí wọ́n sá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn. Lọ́jọ́ tí Ìbídùn ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ jó títí ó fi ìdí lulẹ̀ gbì láàárín agbo, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Akínṣọlá apẹja ló fẹ́ Ìbídùn. Láràárọ̀, kó tó wọ omi, á yà sẹ́nu ọ̀nà ìyá ìyàwó rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà á kan iyanrìn. Ẹ̀fúnyẹmí á ṣe bí ẹni tí kò tíì rí i, á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò lè wòran, kó tó ní kó dìde.

Àsàkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń yan ẹja, kò gbà pé ìdọ̀bálẹ̀ yìí yóò pẹ́. Ó ní, "Ìyàwó ṣì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Jẹ́ kó pé oṣù kan, gìgísẹ̀ ni yóò máa fi kí ọ. Àna tèmi, ọdún keje rèé, inú ẹrẹ̀ ló ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi."

"Inú ẹrẹ̀ kẹ̀?" ni Ẹ̀fúnyẹmí dáhùn. "Tèmi á dọ̀bálẹ̀ nínú iná!"

Ọjọ́ kẹta ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Akínṣọlá kọ̀ tí kò dún mọ́. Wọ́n ní láti yọ ọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n gbé e gun orí òkè etí omi, lọ sí àgọ́ Lámídì mẹkáníìkì.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe àpò gàrí. Orí ló wúwo, ìdí tẹ́ẹ́rẹ́, irin tó ń lọ omi nísàlẹ̀ rẹ̀ sì mú bí àdá. Lámídì mọ̀ ọ́n gbé. Ó fa epo inú rẹ̀ gbẹ, ó so okùn mọ́ ọn lábẹ́ orí lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ọ̀pá ọparun bọ okùn. Ó ti ṣa òkúta kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ti tẹ́ táyà ògbólógbòó síbi tí wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ọkùnrin méjì dúró síwájú ọ̀pá, méjì sẹ́yìn, Akínṣọlá sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀yìn.

Lámídì ní, "Bí ẹ ṣe ń gbé ìyàwó tuntun ni kẹ́ ẹ gbé e, orí lókè, ìdí nísàlẹ̀. Bí ìdí bá ga ju orí, omi inú rẹ̀ á ṣàn lọ sórí, ó di òkú nìyẹn. Orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń gbé e, ẹ má tẹ ìbàdí. Àwọn ìyàwó yín ṣì nílò ìbàdí yẹn. Ẹnu kan ló sì ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹrù, ẹnu tèmi. Ẹnikẹ́ni ì báà kí yín, ẹ di odi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n gbé e. Lámídì di ẹ́ńjìnnì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà máa fì. Wọ́n ti rìn dé ìdajì òkè náà nígbà tí Ẹ̀fúnyẹmí àti Àsàkẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni Ẹ̀fúnyẹmí kí wọn.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kí wọn. Àsàkẹ́ wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ó jọ pé oṣù ti pé."

Ẹ̀fúnyẹmí rí ọ̀pá léjìká Akínṣọlá. Ó rí òógùn tó ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Òun fúnra rẹ̀ ti ru agbọ̀n ẹja láti kékeré, ó sì mọ̀ pé wọn kì í béèrè ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í.

"Akínṣọlá! Èmi kọ́ ni mò ń kí ọ ni? Ọjọ́ tó o wá tọrọ ọmọ mi, àyà lo fi gbálẹ̀ ilé mi. Ìgbà tó o ti wá rí i gbà, ìbàdí rẹ ti di pákó, àbí?"

Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù…" ni Lámídì ń wí.

Akínṣọlá kò kúkú dọ̀bálẹ̀. Orúnkún kan ló tẹ̀, díẹ̀ báyìí, ó sì tẹ orí ba: "Ẹ káàárọ̀, Mà." Díẹ̀ náà ti tó. Ọ̀pá yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, okùn yọ̀ tẹ̀ lé e wá sí apá ibi tó rẹlẹ̀, Lámídì dì í mú, apá rẹ̀ kò ká a. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Ẹ̀fúnyẹmí nígbà tó gbọ́ igbe. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Akínṣọlá ni ẹ́ńjìnnì náà jókòó lé.

Oṣù márùn-ún ló lò ní ọsibítù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Lámídì ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó ń dún bí oyin. Ẹsẹ̀ ni kò ní mẹkáníìkì. Egungun jinná ní wíwọ́, Akínṣọlá kò sì lè dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì kó ju àwọ̀n mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló gba ọkọ̀. Òun jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ń tún àwọ̀n aláwọ̀n ṣe, ojú rẹ̀ sì máa ń wà lójú omi.

Ẹ̀fúnyẹmí lọ bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ ò mọ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo rí i léjìká rẹ. Àsàkẹ́ ni mo ń ṣe é fún."

Akínṣọlá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ká. Ìyá náà di apá rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, Akínṣọlá kò tún dọ̀bálẹ̀ fún un mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe àfojúdi sí i rí.

Ẹnu Ẹ̀fúnyẹmí kò kéré sí i o. Iṣẹ́ mìíràn ló fún un. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹ́ńjìnnì gun òkè yẹn, á fi ẹja sílẹ̀ kó jóná, á sáré síwájú wọn, á máa pariwo mọ́ àwọn tó ń kọjá: "Ẹ má kí wọn! Àgbà ni yín, mo gbà. Ẹ jẹ́ kẹ́rù kanlẹ̀ ná!" Àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín, òun náà ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í wo ìhà ibi tí igi àgbọn wà.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà máa ń pa á bí wọ́n bá rí ẹni tó ń béèrè ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wàhálà wọ̀ lọ́rùn: ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìyàwó ilé tó ń dá gbọ́ bùkátà ọmọ márùn-ún, tí ẹnì kan wá ń bínú pé kò kí òun dáadáa. Ọ̀wọ̀ rẹ kò ní sọnù. A kì í gbẹ́rù léjìká ká dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ká kí òun, kó jẹ́ kẹ́rù kanlẹ̀.