Àṣá Ọdún 1971

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n sì mọ̀ mí. Akọ̀wé ni, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Gbogbo mọ́tò tó bá wọ ìlú náà, ọwọ́ rẹ̀ ni pátíkúlà rẹ̀ ti ń jáde: àwọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, orúkọ ẹni tó ni ín, àti ọdún rẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakọ̀ fi máa ń sọ pé ọlọ́pàá á kí ìwé náà kí ó tó kí ẹni tó mú un lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́yà ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé gbé ayọ́kẹ́lẹ́ kan wá fún ìwé. Ìjókòó méjì péré ló ní. Ó pupa bí ata ṣọ̀ǹbọ̀, bọ́ńpà rẹ̀ ń dán, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn. Ó lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí ẹní. Bí ó bá sì ti ṣí, ojú kì í tó o mọ́. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Àṣá.

Akọ̀wé kọ ìwé Àṣá tán, lọ́yà dúpẹ́, ó sì ní kí akọ̀wé wà á yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé rí ọmọbìnrin Ẹ̀fọ̀n kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wu akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹnu bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, Àṣá fún un ní ẹnu. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Arábìnrin, lọ́jọ́ kan, irú èyí gan-an ni n ó fi gbé ọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ kí ìyá rẹ."

Ọmọbìnrin náà wo ọkọ̀, ó wo akọ̀wé. Ó ní, "Iṣu tí ìyá mi bá fún wa ńkọ́? Orí ta ni a ó gbé e lé?" Ó wá rẹ́rìn-ín. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti di tọkọtaya.

Wọ́n ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì ni, láàárín ewúrẹ́ àti àpò gbágùúdá. Obìnrin náà kì í ráhùn. Àmọ́ bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́ lórí òkè, tí afẹ́fẹ́ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, á ní, "Ibí gan-an ni Àṣá ìbá ti na ìyẹ́." Lọ́yà ti kó kúrò nílùú, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, àárò ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ rí sì ń sọ akọ̀wé. Ó ń tọ́ ọmọ, ó ń kọ́lé, ó ń sin òkú àna, àárò náà ń sọ ọ́. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Tirẹ̀ kò pọ̀, kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, tí àbíkẹ́yìn ti jáde yunifásítì, ó lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Múfú. Kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí Múfú kò mọ ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Akọ̀wé ní, "Bá mi wá Àṣá. Ti ọdún 1971 ni o. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé rẹ̀. Mo mọ ọdún rẹ̀ bí mo ti mọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mi."

Kò tó oṣù mẹ́ta tí Múfú fi rí ọ̀kan lọ́wọ́ opó kan tó fi ẹní bò ó mọ́lẹ̀. Akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ wò ó. Ìyàwó ti ra sìkáàfù sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gba gèlè lórí rẹ̀. Akọ̀wé jókòó sídìí sítíárì, orí rẹ̀ sì wú. Ọwọ́ rẹ̀ bá jíà láìwò ó. Ìyàwó ti wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fa ilẹ̀kùn dé, ó ti di sìkáàfù. Nígbà náà ni akọ̀wé béèrè ìwé ọkọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 1969.

Ó bọ́ sílẹ̀.

Ìyàwó ní, "Bàbá Ìyíọlá, kí ló dé?"

"Kì í ṣe òun. Ọdún méjì ló fi ṣáájú."

"Ṣé òkè Ẹ̀fọ̀n ló máa bi wá ní ọjọ́ orí ọkọ̀ ni?"

"Ní sùúrù, Àwẹ̀ró mi. Ìlérí ni mo ṣe fún ọ. Èyí tó jọ ọ́ kọ́ ni n ó fi mú un ṣẹ."

Ìyàwó tún jókòó díẹ̀ sí i nínú ọkọ̀ náà, ó ń wo iwájú. Lẹ́yìn náà ó tú sìkáàfù, ó sì jáde.

Má ṣe rò pé òpònú ni ọkùnrin náà. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni, ohun tí a fi yíǹkì kọ sì tóbi lójú rẹ̀ ju ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un lọ.

Ọdún méjì kọjá, Múfú tún rí òmíràn, ti ọdún 1974. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, kò sì ní ìpáàrà kankan. Àmọ́ rọ́bà dúdú ni bọ́ńpà rẹ̀, ó sì ga nílẹ̀ ju bí Àṣá ti yẹ kó ga lọ. Akọ̀wé kò tilẹ̀ jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tó délé, ìyàwó kò béèrè ju ohun kan lọ: "Ọdún wo ni tọ̀hún?" Ó sọ fún un. Obìnrin náà ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ó tún di ọdún márùn-ún gbáko kí Múfú tó pè é pé ti ọdún 1971 ti dé láti òkè Ọya, pẹ̀lú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Akọ̀wé kò sùn mọ́jú ọjọ́ náà. Ó débẹ̀, ó sanwó, ó jókòó. Orí rẹ̀ kò wú. Ọwọ́ rẹ̀ wá fèrè, kò bá a níbi tó yẹ kó wà. Ìjókòó náà kò gbà á. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó ní, "Múfú, wọ́n ti yí ọkọ̀ yìí padà."

Múfú ní, "Rárá, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dún náà nìyí. Ta ló sọ fún yín pé ọdún 1971 ni wọ́n ṣe ti lọ́yà?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ibo lẹ ti rí i kọ?"

Akọ̀wé rántí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá náà kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo ọdún tí wọ́n lù mọ́ irin. Ó ní a kì í bi àlejò ní ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tó wọlé wá la mọ̀. Nítorí náà, ọdún tí ọkọ̀ bá dé ìlú náà ni wọ́n ń kọ fún un. Lọ́yà ti lo Àṣá fún ọdún méjì lókè òkun kí ó tó gbé e wálé. Ọgbọ̀n ọdún ni akọ̀wé fi kọ irú ọdún bẹ́ẹ̀ sórí ìwé ọlọ́kọ̀, ìfẹ́ sì jẹ́ kó gbàgbé pé ọdún tí Àṣá wọ ìlú ni òun kọ. Àfọwọ́fà pátápátá.

Ó béèrè ti opó, ti ọdún 1969. Múfú mi orí. Wọ́n ti tà á, ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ó bá wa èyí tó rà bọ̀ wálé. Ó ti pinnu pé ọdún yòówù kó jẹ́, àwọn ó gun òkè lónìí. Ó fọn fèrè. Ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀. Akọ̀wé mọ̀ nípa orúnkún rẹ̀, òun ló ń fi ìpara pa á láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kò ronú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ rí. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà kọ̀yìn sí ìjókòó, ó di ilẹ̀kùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Orúnkún kọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kejì gbìyànjú. Ó dé ìdajì, ó ké "Yéè!", ọkọ rẹ̀ sì gbá a mú. Àwọn méjèèjì ń mí gúlegúle.

Obìnrin náà ní, "Ó mà rẹwà o. Ó ti wá lọ sílẹ̀ jù fún mi ni. Ẹ lọ, ẹ bá mi gun òkè náà, kí ẹ wá sọ bó ti rí fún mi."

Akọ̀wé wa ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí. Kò gùn ún. Nígbà tó padà délé, ìyàwó rẹ̀ bi í bó ti rí. Ó ní, "Ó dùn." Irọ́ ni, obìnrin náà sì mọ̀.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, má ṣàánú akọ̀wé jù, ara rẹ ni kí o ṣàánú. O ti kọ́lé sílé láti ọdún mẹ́rin. O ní o kò tíì gbé ìyá rẹ wọ inú rẹ̀ nítorí pé ọ̀dà tí wọ́n kùn ún kọ́ ni irú èyí tó wù ọ́, àti pé táìsì ilẹ̀ tó yẹ ẹ́ ṣì ń bọ̀ láti Èkó. Mo gbọ́. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ kí ìyá náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. Ó bi mí bóyá ilé ọmọ òun ní fèrèsé tó kọjú sọ́nà, kí òun lè máa wo àwọn tó ń kọjá. Mo ní ó ní. Nítorí náà dìde, ọmọ mi, lọ gbé e lónìí, nígbà tó ṣì lè rí ọ̀nà náà.